Ìwà Ológbò Inú Ilé àti Ìṣirò Ẹni tí Ó Ń Sìn Ín

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn pátá, ti Ọlọ́hun Ọba ni, Ẹni tí Ó dá gbogbo ohun abẹ̀mí, tí Ó sì fún oníkálukú wọn ní ìrísí àti ìṣesí tirẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá aṣíwájú wa, Ànábì Muhammad, ẹni tí a rán níṣẹ́ àánú sí gbogbo ẹ̀dá, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Ìdájọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́hun, a ń gba ara wa níyànjú, a sì ń gba ẹ̀yin náà níyànjú, pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun níbi tí ènìyàn ti ń wò wá àti níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí wa. Ibi kejì yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti òní dúró lé. Inú ilé wa ni, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí a tì, láàárín àwa àti ẹ̀dá kan tí kò lè fi ẹjọ́ wa sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí kò lè pe mọ̀lẹ́bí jọ lé wa lórí, tí kò sì lè tọ lèmọ́mù wá láti ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ̀dá náà ni ológbò.

Ológbò pọ̀ láàárín wa. Ẹni tí ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gààrí ń sìn ín nítorí eku. Àwọn ọmọ wa ń sìn ín nítorí eré. Àwọn àgbà sì ti sọ pé bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Síbẹ̀, bí a bá tẹ́tí sí bí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹ̀sùn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀: olè ni, aláìmoore ni, olóríkunkun ni, àjẹ́ ni. Orí ẹ̀sùn wọ̀nyí ni a sì ń gbé ìdájọ́ kà: pàṣán, omi gbígbóná, ebi, okùn lọ́rùn, tàbí àpò ìdọ̀họ tí a dì í sí, tí a sì lọ gbé jù sí ẹ̀yìn ọjà. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí nìyí: ǹjẹ́ ológbò lè ṣẹ̀ wá? Bí kò bá lè ṣẹ̀ wá, kí ni orúkọ ìjìyà tí a fi ń jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun?

Ẹ̀dá tí kò ní ìwé iṣẹ́

Ẹ̀ṣẹ̀ kì í wáyé níbi tí òfin kò bá sí, òfin kì í sì í de ẹni tí kò ní làákàyè láti gbọ́ ọ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) ti jẹ́ kí á mọ̀ pé a gbé gègé ìkọ̀wé kúrò lórí ẹni mẹ́ta: ẹni tí ó sùn títí yóò fi jí, ọmọdé títí yóò fi bàlágà, àti ẹni tí orí rẹ̀ dàrú títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Bí a bá gbé gègé kúrò lórí ọmọ Ádámọ̀ tí làákàyè rẹ̀ kò tíì dé tàbí tí ó ti lọ, kí ni kí á ti sọ nípa ológbò tí a kò fún ní irú làákàyè bẹ́ẹ̀ rí?

Nínú Súrà Al-An‘ām, ẹsẹ 38, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé àwọn ẹranko tí ń rìn lórí ilẹ̀ àti àwọn ẹyẹ tí ń fò lójú ọ̀run jẹ́ ìjọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́ ìjọ. Bí wọ́n bá jẹ́ ìjọ, a jẹ́ pé wọ́n ní ètò, wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn yé, wọ́n sì ní ìgbé ayé tí Ẹlẹ́dàá là sílẹ̀ fún wọn. Ológbò tí ń ṣe ìṣe ológbò, ọ̀nà tí a là fún un ni ó ń tọ̀.

Ẹni tí ó bá mọ hádíìsì lè bi wá pé: ṣé kì í ṣe Muslim ni ó gbà á wá pé ní Ọjọ́ Àgbéǹde, a ó gba ẹ̀san fún àgùntàn tí kò níwo lára àgùntàn oníwo? Òótọ́ ni. Àwọn onímọ̀ wa ṣàlàyé rẹ̀ pé kì í ṣe pé òfin de àgùntàn bí ó ti de ènìyàn, bí kò ṣe pé kí á lè mọ bí ìdájọ́ òdodo Ọlọ́hun ti pé tó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rò ó síwájú. Bí Ọlọ́hun kò bá ní fojú fo ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín àgùntàn méjì tí kò ní làákàyè, báwo ni Yóò ṣe fojú fo ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín ológbò àti ènìyàn, ènìyàn tí Ó fún ní làákàyè, tí Ó rán Òjíṣẹ́ sí, tí Ó sì fi ṣe àrólé lórí ilẹ̀?

Obìnrin tí ó ti ìlẹ̀kùn méjì

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìtàn obìnrin tí ó wọ iná nítorí ológbò. Bukhari àti Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí òun àti bàbá rẹ̀). Obìnrin náà ti ológbò mọ́lé títí ó fi kú. Kò fún un ní oúnjẹ, kò sì fi í sílẹ̀ kí ó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wò ó. Hádíìsì náà kò sọ pé ó lù ú. Kò sọ pé ó da omi gbígbóná sí i lára. Ìlẹ̀kùn méjì ni ó tì: ìlẹ̀kùn oúnjẹ tí ó yẹ kí ó ti ọwọ́ rẹ̀ wá, àti ìlẹ̀kùn oúnjẹ tí ológbò ì bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá rí. Ẹni tí ó bá ti ìlẹ̀kùn kejì, dandan ni kí ó ṣí èkíní sílẹ̀. Gbàrà tí a bá ti gba òmìnira lọ́wọ́ ẹ̀dá kan, gbogbo ohun tí ì bá fi òmìnira náà ṣe fún ara rẹ̀ ti di gbèsè lọ́rùn wa.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wo ohun tí ó wọ́pọ̀ nínú ọjà wa. A ń rí ológbò tí a so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí a ń retí pé kí ó lé eku, tí a sì mọ̀ọ́mọ̀ ń fi ebi pa, nítorí a gbà pé ológbò tí ó yó kì í pa eku. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Kì í ṣe ebi nìkan ni ó ń mú ológbò ṣọdẹ. Ọdẹ ṣíṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí ó yó pàápàá a máa lé ohunkóhun tí ó bá ń sáré kọjá níwájú rẹ̀. Èyí tí ebi ti sọ di aláìlera ni kò ní agbára àti bá eku fà á, èyí tí okùn sì wà lọ́rùn rẹ̀ kò lè lé ohun tí ó kọjá gígùn okùn náà.

Bákan náà ni ẹni tí ń fún un ní ẹ̀bà tàbí ìrẹsì lásán lójoojúmọ́. Ẹlẹ́ran-jíjẹ ni Ọlọ́hun dá ológbò. Èròjà kan wà tí ara rẹ̀ kò lè ṣe tó fúnra rẹ̀, tí a ń pè ní taurine. Inú ẹran àti ẹja ni ó ti ń rí i. Bí kò bá rí i fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ lè fọ́, ọkàn rẹ̀ sì lè di aláìlera. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ máa ra ẹran màlúù fún un. Ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, ìfun àti ẹ̀dọ̀ adìẹ tí a bọ̀ láìfi ata àti àlùbọ́sà sí i, àti omi mímọ́ nínú abọ́, kò kọjá agbára ẹni tí ó ti pinnu láti so ẹ̀dá Ọlọ́hun mọ́ ilé rẹ̀.

Ohun tí a ń pè ní ìwà burúkú

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé àwọn ẹ̀sùn náà yẹ̀wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí adájọ́ òdodo ti ń ṣe, nítorí adájọ́ òdodo kì í dájọ́ kí ó tó gbọ́ ẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Ológbò kò ní ẹnu tí yóò fi rò. Ìmọ̀ ni yóò bá a rò.

Ẹ̀sùn kìíní ni olè. Olè ni ẹni tí ó mọ̀ pé ohun tí òun mú, ti ẹlòmíràn ni. Ológbò kò mọ tèmi yàtọ̀ sí tìrẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀. Oúnjẹ ni ó rí, ó sì gbé e. Ẹni tí ó mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ni ẹni tí kò dé ìkòkò. Ọmọrí ìkòkò ni ìwàásù kan ṣoṣo tí ológbò lè gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹran.

Ẹ̀sùn kejì ni pé ó ń fi èékánná ya àga tìmùtìmù àti kọ́tìnì. Èékánná ológbò a máa ní èèpo tí ó ti gbó, tí ó gbọ́dọ̀ bọ́ kí tuntun lè yọ. Bí ó ti ń họ nǹkan ni ó ń bọ́ èèpo yìí, ni ó ń na ẹ̀yìn àti èjìká rẹ̀, ni ó sì ń fi òórùn tí ó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sàmì sí ibùgbé rẹ̀. A kò lè na ènìyàn títí kí ó má yán mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè na ológbò títí kí ó má họ nǹkan mọ́. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni pé kí á fún un ní ohun tirẹ̀. Kí á mú pákó tí ó ga tó kí ó nà tán sí, kí á fi àpò ìdọ̀họ tàbí okùn wé e, kí á dúró rẹ̀ ṣinṣin sí ẹ̀gbẹ́ àga tí ó ti ń họ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ó bá lo pákó náà, kí á fún un ní ẹja díẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, yóò mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹta ni ìtọ̀. Ẹ̀dá tí ó fẹ́ràn ìmọ́tótó ni ológbò. Ó fẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ tí yóò gbẹ́, tí yóò sì bo ẹ̀gbin rẹ̀. Bàsíà tí a bu iyanrìn sí, tí a gbé sí ibi tí kò sí ariwo, tí ó jìnnà sí oúnjẹ rẹ̀, tí a sì ń kó ẹ̀gbin inú rẹ̀ dànù lójoojúmọ́, ti tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Bí ológbò bá ju ọ̀kan lọ, kí bàsíà ju iye wọn lọ ní ẹyọ kan. Akọ ológbò tí ó ti bàlágà a máa tọ̀ sára ògiri láti sàmì sí ààlà rẹ̀. Ológbò tí ẹ̀rù ń bà, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun, lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àìsàn náà a máa fà á. Akọ ológbò tí ó bá ń lọ sórí iyanrìn léraléra, tí ó ń fún ara rẹ̀, tí ìtọ̀ kò sì jáde, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ti dí. Bí a kò bá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, ó lè kú. Ẹ wo bí yóò ti burú tó níwájú Ọlọ́hun kí á máa fi pàṣán na ẹ̀dá nítorí àmì àìsàn tí ń pa á lọ.

Ẹ̀sùn kẹrin ni pé a ń fọwọ́ pa á lára, ó sì bu ọmọ jẹ lójijì. Kì í ṣe lójijì. Ó ti sọ ọ́ ṣáájú, a kò gbọ́ ni. Bí ìrù rẹ̀ bá ti ń na ilẹ̀, tí etí rẹ̀ sì tẹ̀ sẹ́yìn, tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ó dákẹ́ tí kò mira mọ́, ohun tí ó ń wí ni pé ó tó. Ọmọ tí a bá kọ́ láti ka àmì yìí, tí a kọ́ kí ó má fa ìrù, kí ó má gbé ológbò tí ń jẹun tàbí tí ń sùn, a ti gba ọmọ náà lọ́wọ́ èékánná, a sì ti kọ́ ọ ní ohun tí ó ju ọ̀rọ̀ ológbò lọ. Ẹ má sì ṣe já ọmọ ológbò gbà lẹ́nu ọmú kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 7 lẹ́yìn ìbí rẹ̀ ni ó ń mọ̀ bóyá ènìyàn jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá. Èyí tí a fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ gbé nígbà náà kì í sábà ní ìbẹ̀rù ènìyàn lọ́jọ́ iwájú.

Igbe òru

Ẹ̀sùn karùn-ún ni ó wúwo jù, òun ni ó sì ti mú ẹ̀mí ológbò púpọ̀ lọ láàárín wa. Ológbò ké lóru bí ọmọ titun, a ní àjẹ́ ni. Ojú rẹ̀ tàn nínú òkùnkùn, a ní ojú lásán kọ́. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú, a ní ẹnìkan ni ó rán an. A sì ní òwe tí a fi ń ti èrò yìí lẹ́yìn: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, abo ológbò tí ó ń wá akọ ni ó ń ké bẹ́ẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti nǹkan bí oṣù 4 sí 6 lẹ́yìn ìbí rẹ̀, a sì tún máa padà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta bí kò bá rí akọ. Bí ó bá lóyún, ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9 kí ó tó bímọ. Àwọn akọ tí ń jà nítorí rẹ̀ ni wọ́n ń pariwo lórí òrùlé. Ojú rẹ̀ tí ń tàn, Ọlọ́hun fi awọ dídán kan sí ẹ̀yìn ẹyin ojú náà, tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kí ó lè ríran níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó. Ojú ewúrẹ́ àti ti màlúù náà a máa tàn bí iná bá kàn án lóru, síbẹ̀ a kò pe ewúrẹ́ ní àjẹ́. Ànábì wa (SAW) sì ti kọ gbígbé àmì burúkú lé ẹranko àti ẹyẹ lórí fún wa. Ẹni tí ó bá pa ológbò nítorí igbe rẹ̀, ẹ̀dá tí ń wá ọkọ ni ó pa. Ọ̀rọ̀ ikú tí ó ń bẹ̀rù wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí igbe náà bá ń yọ lẹ́nu, dókítà ẹranko lè ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí ológbò bímọ mọ́. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ òde òní gbà á láàyè bí àǹfààní bá wà níbẹ̀, tí kò sì mú ìpalára wá. Kí oníkálukú bi àáfà rẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ́ ológbò

Bí ológbò kò bá ṣeé bá wí bí ènìyàn, ṣé kò ṣeé kọ́ ni? Ó ṣeé kọ́. Nínú Súrà Al-Mā’idah, ẹsẹ 4, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹran tí a kọ́ ní ọdẹ ṣíṣe, Ó jẹ́ kí á mọ̀ pé ìmọ̀ tí a fi ń kọ́ wọn, láti ọ̀dọ̀ Òun ni ó ti wá. Kíkọ́ ẹranko jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀, ìmọ̀ náà sì ní Olówó tí yóò bèèrè bí a ti lò ó.

Ológbò a máa so ohun tí ó ṣe pọ̀ mọ́ ohun tí ó tẹ̀ lé e ní kíá. Bí ire bá tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, yóò tún un ṣe. Bí ohunkóhun kò bá tẹ̀ lé e, yóò fi í sílẹ̀ bí ó pẹ́ bí ó yá. Nítorí náà, ẹni tí ń na ológbò ní ìrọ̀lẹ́ nítorí ẹran tí ó gbé ní òwúrọ̀ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan nípa ẹran. Ohun tí ológbò kọ́ ni pé ọwọ́ ọ̀gá òun léwu. Ẹni tí ó pè é lórúkọ, tí ó dé, tí ó sì nà án, ti kọ́ ọ kí ó má jẹ́ ìpè mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ológbò mọ orúkọ rẹ̀. Ìwádìí kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Jàpáánù, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, fi í hàn pé ó ń dá orúkọ rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Òmíràn tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2020, fi í hàn pé bí a bá rọra ń ṣẹ́jú sí i, òun náà a máa ṣẹ́jú padà, a sì máa súnmọ́ ẹni náà. Ẹ̀dá tí ń fi ojú gbọ́ pẹ̀lẹ́, kí ni a ń fi pàṣán wá lára rẹ̀?

Ẹ wo bí àwọn aṣíwájú wa ti ṣe. Imam Malik gbà á wá nínú Muwatta pé wọ́n bu omi àlùwàlá fún Abu Qatada, ológbò kan sì wá láti mu ún. Abu Qatada kò lé e. Ó tẹ ohun èlò omi náà fún un títí ó fi mu tán. Nígbà tí ó rí i pé ó ya ìyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ó ṣàlàyé fún un pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) ti sọ pé ológbò kì í ṣe ẹ̀gbin, ara àwọn tí ń rìn yí wa ká nínú ilé ni. Ohun èlò ni Abu Qatada tẹ̀, kò tẹ ọrùn ológbò. Ibẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ológbò wà: ilé ni a kọ́kọ́ ń tún tò, kí á tó retí kí ológbò yí padà.

Ìyá wa Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gun ràkúnmí kan tí ó le lórí, ó sì ń fà á síwá fà á sẹ́yìn. Ànábì (SAW) pè é sí ìwà pẹ̀lẹ́, ó sì sọ pé pẹ̀lẹ́ ni ẹ̀ṣọ́ gbogbo nǹkan. Muslim ni ó gbà á wá. Ràkúnmí ni ó le lórí, ẹni tí ó gùn ún ni a kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Abu Dawud náà gbà á wá pé Ànábì (SAW) wọ ọgbà ọkùnrin kan láàárín àwọn Ansar, ràkúnmí kan rí i, ó ń kérora, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn etí títí ó fi dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ó bèèrè olówó rẹ̀. Kò bi ràkúnmí ní ohun tí ó ṣe. Olówó rẹ̀ ni ó kìlọ̀ fún pé kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, nítorí ó ń fi ebi pa á, ó sì ń lò ó ní ìlòkulò.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí tó kútùbà?

Ẹnìkan lè máa wí lọ́kàn rẹ̀ pé: ebi ń pa ọmọ ènìyàn, owó ilé-ìwé wọ́n, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ ológbò lórí mínbárì. Èsì wa ni pé àánú kì í ṣe owó inú àpò tí ń dín kù bí a bá ti ń ná an. Bukhari àti Muslim ni wọ́n gba ìtàn ẹni tí ó fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ ní omi wá, tí Ọlọ́hun sì forí jìn ín. Omi náà kò mú un di tálákà.

Ìdí mìíràn jinlẹ̀ ju èyí lọ. Nígbà tí a bá bínú sí ọmọ wa, sí aya wa, sí ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ọmọṣẹ́ wa, ìbínú wa a máa rí ibi sá pamọ́ sí. A ó ní ó ṣẹ̀ wá; ó sì lè jẹ́ òótọ́ pé ó ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n níwájú ológbò tí kò lè dẹ́ṣẹ̀, ìbínú wa kò ní ibi tí yóò sá sí. Ìhòòhò ni ó wà. Ohun tí ó kù níbẹ̀ ni agbára wa lórí ẹni tí kò ní agbára, àti ohun tí a yàn láti fi ṣe. Bí a bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí a jẹ́ gan-an, kí á má bi àwọn aládùúgbò tí ń kí wa ní alàájì. Kí á wo bí ológbò ilé wa ti ń ṣe nígbà tí a bá ṣílẹ̀kùn wọlé. Ṣé ó ń wá pàdé wa ni, àbí ó ń sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

Àwọn ọmọ wa sì ń wò wá. Ọmọ tí ó bá rí i tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ bèèrè pé kí ni ó fà á, kí ó tó gbé ọwọ́ sókè, ti gba ẹ̀kọ́ tí ilé-kéwú kò lè fún un tán. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

Ẹ̀tọ́ aládùúgbò àti ti ìlera

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣi ọ̀rọ̀ wa gbọ́. Bí ológbò kò bá lè jẹ̀bi, ẹ̀bi lè wà lọ́rùn olówó rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan nínú mádíhábì Ṣáfíì sọ pé bí a bá ti mọ ológbò kan sí ẹni tí ń pa ẹyẹ ẹlẹ́yẹ tàbí tí ń ba oúnjẹ olóúnjẹ jẹ́, olówó rẹ̀ ni yóò san án. Nítorí náà, ẹni tí ológbò rẹ̀ ń pa òròmọdìẹ aládùúgbò, kí ó tu aládùúgbò rẹ̀ nínú, kí ó sì sé ológbò rẹ̀ mọ́lé nígbà tí àwọn òròmọdìẹ bá wà níta, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi. Kí aládùúgbò náà má sì ṣe fi májèlé sínú ẹja jù sílẹ̀ fún un. Májèlé eku pàápàá, kí á ṣọ́ ọ: ológbò tí ó bá jẹ eku tí ó ti jẹ májèlé lè ti ibẹ̀ kú.

Kí á gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn dìgbòlugi fún ológbò wa, nítorí àrùn náà kì í ṣe ti ajá nìkan. Bí ológbò bá bu ènìyàn jẹ tàbí tí ó ya á lára, kí á fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí á sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Kí á má ṣe dúró de àmì àìsàn, nítorí bí àmì rẹ̀ bá ti yọ, ẹ̀pa kì í sábà bóró mọ́.

Kò sì di dandan kí gbogbo ènìyàn sin ológbò. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kí ó wá ẹni tí yóò gbà á, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á lé e lọ́wọ́. Àpò tí a dì tí a jù sí ẹ̀yìn ọjà, tí ẹni tí ó jù ú kò bojú wẹ̀yìn, Ọlọ́hun rí ohun tí ń mira nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́hun, bí a bá délé lónìí, kí á wo okùn tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, kí á tú u. Kí á wo abọ́ omi rẹ̀, kí á bu òmíràn sí i. Kí á dé ìkòkò wa. Kí á sì pe àwọn ọmọ wa jókòó, kí á sọ fún wọn ohun tí ìrù àti etí ológbò ń wí.

Ọlọ́hun Ọba, Ìwọ tí O dá alágbára, tí O sì dá aláìlágbára, má ṣe jẹ́ kí ẹ̀dá tí kò lè sọ̀rọ̀ lónìí di ẹlẹ́rìí lòdì sí wa lọ́la. Rọ ọkàn wa, fún wa ní ìmọ̀ tí ń ṣíwájú ìbínú, fi àánú sínú ilé wa, kí O sì ṣàánú wa bí a ti ń ṣàánú àwọn tí O fi sábẹ́ wa. Forí jin àwọn òbí wa, wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí O sì fi ìkẹ́ àti ọlà Rẹ bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàhábà rẹ̀. Àmín.